Ọ̀rọ̀ Tó Lè Sáré: Ìtàn Awo Ṣáínà ní Èdè Yorùbá

Ní oṣù Kẹta ọdún 1974, àwọn àgbẹ̀ kan ń gbẹ́ kànga lẹ́bàá ìlú Xi'an ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ọkọ́ wọn sì kan àfọ́kù ère amọ̀. Bí àwọn onímọ̀ ṣe wá ń wa ilẹ̀ náà ni ọmọ ogun alámọ̀ ń yọ, títí wọ́n fi fojú bu iye wọn sí nǹkan bí 8,000. Ọba Qin Shi Huang ni wọ́n ń ṣọ́, ẹni tó sọ ilẹ̀ Ṣáínà di ọ̀kan ní ọdún 221 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà, tó sì wàjà ní ọdún 210. Sima Qian, òpìtàn tó gbáyé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, kọ ọ́ pé wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe odò sínú ibojì ọba, àti pé wọ́n dẹ àkàtàǹpó sílẹ̀ kí ó máa ta ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jalè wọbẹ̀. Títí di òní, wọn kò tíì ṣí yàrá tí wọ́n tẹ́ ọba náà sí.

Irú nǹkan báyìí kì í jẹ́ kí òǹkọ̀wé sùn. Ní 2006, Tianxia Bachang gbé ìtàn àwọn ahúbojì jáde ní Ṣáínà, àwọn èèyàn sì ń kà á kiri. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà ò gbẹ́yìn nínú kíkọ ìtàn máàpù tó sọnù, ọba tó ń wá oògùn àìkú, àti àjèjì tí wọ́n ń lé kiri inú ihò ilẹ̀. Báwo ni ẹni tó jókòó sí Ìlọrin yóò ṣe kọ irú ìtàn àsápajúdé bẹ́ẹ̀, tí eré kì í dáwọ́ dúró nínú rẹ̀, ní Yorùbá?

Irú ìtàn náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láti 1938 ni Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ìwé rẹ̀ ti 1954, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, sì ti fún wa ní orúkọ tí a lè pe ìrìnàjò akin. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, rán Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, lépa àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Amí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀tẹ̀, ìdìtẹ̀: gbogbo wọn ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni bí a ó ṣe pe àwọn nǹkan Ṣáínà fúnra wọn.

Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe bẹbẹ lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú apá kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì, tó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin, ló ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí olùkọ́ ti lè dúró kí ó ṣàlàyé. Kò sáyè ìdúró nínú ìtàn àsápajúdé. Akọni wà nínú òkùnkùn, omi ti mu ún dé orúnkún, ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí òǹkọ̀wé bá ní kó fa “ẹ̀rọ atọ́ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé” yọ lápò, wọn yóò ti pa á kí òǹkàwé tó pe orúkọ ẹ̀rọ náà tán. Kọ́ńpáàsì ni kó fà yọ. Bó bá sì jẹ́ òkúta tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ fi ń mọ ìhà gúúsù ló fẹ́ sọ, òòfà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tó gùn ju eré lọ kò wúlò fún irú ìwé yìí.

Ibi tó yẹ kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ yà ni ààfin Ọ̀yọ́ Ilé. Ilé tí wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí ní orúkọ tirẹ̀: bàrà. Kí ló wá dé tí a ó fi máa pe ti Qin Shi Huang ní “ibi ìsìnkú ọlọ́lá ti ọba”? Bàrà ni. (Ẹni tó bá ń rántí ẹ̀gúsí bàrà, kó ní sùúrù; kò ní kọjá ojú ìwé kejì tí yóò fi gbàgbé ọbẹ̀.) Zhao Gao, ìjòyè tó fi ọgbọ́n àrékérekè pa ìwé àṣẹ ọba dà lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn òpìtàn kan ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Ìwẹ̀fà ni Ọ̀yọ́ ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, òǹkàwé Yorùbá sì mọ̀ láìsí àlàyé pé ìwẹ̀fà lè sún mọ́ ọba ju balógun lọ. Ọ̀rọ̀ abọ́bakú ló gba ìṣọ́ra. Sima Qian sọ pé wọ́n pa àwọn olorì tí kò bímọ mọ́ ọba, wọ́n sì sé àwọn oníṣẹ́ ọnà mọ́nú ibojì kí wọ́n má baà tú àṣírí rẹ̀. Abọ́bakú mọ àdéhùn tó wà láàárín òun àti ọba nígbà tó ń jẹ oyè rẹ̀; àwọn oníṣẹ́ ọnà yẹn ò mọ nǹkan kan. Bí òǹkọ̀wé bá pe gbogbo wọn ní abọ́bakú, ó ti fi oyè bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀.

Ti ogun rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú bí Ìlọrin, tó ní Balógun Àjíkòbí, Balógun Àlanámú, Balógun Gàm̀bàrí àti Balógun Fúlàní, kò nílò orúkọ tuntun fún olórí ogun Ṣáínà. Odi ni odi, bó ti wù kó gùn tó. Àkàtàǹpó, tí Ṣáínà fi borí ọ̀pọ̀ ogun, jẹ́ ohun tí Yorùbá ti ń pòwe mọ́. Ẹ̀tù ìbọn náà wà, àmọ́ kí ó má wọ ìtàn Qin: ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ọba yẹn kí Ṣáínà tó mọ̀ ọ́n pò. Kí tákàdá, ọ̀rọ̀ tó gba ọwọ́ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa, náà má wọ̀ ọ́. Orí ọparun tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí nígbà náà. Ọmọ Ìlọrin lè fẹ́ pè é ní wàláà. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wàláà ṣeé fọ̀, òǹkàwé yóò sì máa retí omi.

Fún àwọn ọmọ ogun alámọ̀, Òkèlele ní Ìlọrin ló yẹ kí a lọ. Ní ẹbu Dada, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò, wọ́n ń sá a, wọ́n sì ń sun ún. Ère amọ̀ sísun tó. Lántànà, òkúta pupa tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin ń dán nígbà kan rí, dùn ún fi pe òkúta aláwọ̀ ewé tí Ṣáínà fẹ́ràn ju góòlù lọ, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Jéèdì ni kí a yá.

Dírágónì ló nira jù nínú àwọn ẹranko. Bíbélì Yorùbá ti sọ ọ́ di Sátánì nínú Ìwé Ìfihàn, bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà, àmì ọba àti olùfúnni lójò ni. Òṣùmàrè lè wu èèyàn lò, nítorí ejò ńlá ni nínú ìtàn wa, àmọ́ àwọ̀ ojú ọ̀run ni òǹkàwé yóò rí. Kí dírágónì dúró, kí ìtàn sì jẹ́ kí òjò rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀.

Níbi àmì àdììtú ni Yorùbá ti ní ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà. Fú ni wọ́n ń pe àdán, fú ni wọ́n ń pe oríire, pẹ̀lú ohùn kan náà, nítorí náà ni wọ́n fi ń ya àdán sára ilẹ̀kùn, abọ́ àti aṣọ. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì kan gbọ́dọ̀ dìde kó ṣàlàyé èyí ní odidi ojú ìwé kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi àrokò ránṣẹ́ mọ ọgbọ́n náà dáadáa: bí wọ́n bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ló fà sí ọ. Nítorí náà, kí akọni ìtàn rí àdán márùn-ún lára ògiri bàrà, kó pè é ní àrokò, kó bèèrè ohun tí wọ́n ń pe àdán níbẹ̀, kó sì máa sá lọ. Ìlà mẹ́ta ti tó. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n lọ́, ẹnà ni. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀.

Àkọlé wá ńkọ́? Àṣírí ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ mú, ọ̀rọ̀ tó ti inú Lárúbáwá wá, tó sì rọrùn létí Ìlọrin. Àmọ́ àṣírí ni ohun tí ẹnìkan bò tí kò fẹ́ kó tú. Ìmọ̀ tí ẹgbẹ́ kan ń pa mọ́ láti ìran dé ìran, tí wọn kì í fi han ọ̀gbẹ̀rì, awo ló ń jẹ́. Àwọn kan ní Ìlọrin lè fajú ro sí i nítorí ifá. Síbẹ̀, Awo ló yẹ kó wà lẹ́yìn ìwé, kí àṣírí máa tú nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Kwara, kì í ṣe Xi'an nìkan ni ère ti ń dúró de ìtàn. Ère òkúta tó ju 800 lọ wà ní Ẹ̀sìẹ́, ọ̀nà kò jìn sí Ìlọrin. Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé, kéde wọn fáyé ní 1933, wọ́n sì kọ́ mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà síbẹ̀ ní 1945. Àwọn ará ìlú ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ kó tó dé Ṣáínà, kó fi ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sìẹ́.