Ṣé Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Amẹ́ríkà Ti Rọ̀ Jù?

Bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe èyí tí Super Eagles ń gbá. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé sáré ni, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, tí àwọn tó ń gbá a sì máa ń dé akoto bí ọlọ́kadà tó rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán. Ènìyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10, ẹgbẹ́ kejì yóò sì fi ara dí wọn lọ́nà. Ẹni tó ń darí eré, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, ni wọ́n ń pè ní quarterback. Bí wọ́n bá wó o lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ayọ̀ ńlá ni fún ẹgbẹ́ tó wó o. Adewale Ogunleye, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, fi wíwó quarterback jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Miami àti Chicago. Ní ọdún 2003 nìkan, ìgbà 15 ló wó wọn.

Irú iṣẹ́ tí Ogunleye ṣe yẹn ti le sí i lónìí. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbá quarterback lórí, tàbí tó kọlù ú ní orúnkún, tàbí tó fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ṣubú lé e, rẹfirí yóò ju aṣọ ìyeyè sílẹ̀, ẹgbẹ́ ẹni náà yóò sì san yáàdì 15. Nítorí irú òfin báyìí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré náà fi ń kígbe pé àjọ NFL ti sọ eré àwọn ọkùnrin di eré ọmọdé. Mo fẹ́ tọ ipa igbe yìí sẹ́yìn, nítorí ó ti pẹ́ ju bí àwọn tó ń ké e ṣe rò lọ.

Kí NFL tó wà rárá, àwọn yunifásítì ló ni eré náà. Ní ọdún 1892, Harvard lo ọgbọ́n kan fún Yale: àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tò bí orí ọfà, wọ́n sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ya lu ojú kan ṣoṣo. Láàárín ọdún méjì, òfin ti de ọgbọ́n náà. Ṣùgbọ́n rírọ́ lu ara ẹni kò dópin. Ní ọdún 1905, ìwé ìròyìn Chicago Tribune ka òkú 18 tí eré yìí pa ní sáà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ irú ọjọ́ orí tèmi. Ààrẹ Theodore Roosevelt ránṣẹ́ pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton sí White House ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Kò fẹ́ kí wọ́n pa eré náà rẹ́ o. Eré líle ló fẹ́ràn, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ń gbá a ní Harvard lọ́dún náà gan-an. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ikú kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1906, wọ́n tún òfin ṣe. Wọ́n gbà kí a máa ju bọ́ọ̀lù síwájú, èyí tó jẹ́ èèwọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sọ yáàdì 5 tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbà di 10, kí eré lè tú ká, kí àwọn ènìyàn yé wọ́ jọ sójú kan bí ẹran nínú ọgbà. Walter Camp, tí wọ́n ń pè ní baba eré náà, kò fara mọ́ jíjù síwájú yẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí pé jíjù yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń sanwó wò lónìí. Bí a bá gbé e kúrò, kò sí Tom Brady, kò sí Patrick Mahomes. Òfin tí wọ́n ṣe kí àwọn ọmọ yé kú ló bí ẹwà eré náà.

Ọdún 1920 ni wọ́n dá àjọ tó di NFL sílẹ̀ ní ìlú Canton, ní Ohio. Ó di ọdún 1943 kó tó pọn dandan fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù láti dé akoto. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe akoto ìgbà náà. Nígbà tí ti ike líle dé, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ṣẹlẹ̀: ohun tí wọ́n fi dáàbò bo orí di ohun tí wọ́n fi ń kọlu ènìyàn. Ẹni tí orí rẹ̀ kò bò kò ní fi orí lu àyà ẹlòmíràn tipátipá, ṣùgbọ́n ẹni tó dé ike líle yóò dán an wò. Wọ́n fi irin sí iwájú akoto láti dáàbò bo ojú, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin náà fa ènìyàn lọ́rùn, títí wọ́n fi fòfin de é pátápátá ní ọdún 1962. Deacon Jones ní tirẹ̀ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá akoto ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, kí ojú onítọ̀hún ṣú díẹ̀, kí òun sì kọjá. Ọdún 1977 ni wọ́n fòfin de èyí náà.

Ọdún 1978 ni òfin tó yí eré náà padà jùlọ dé. Mel Blount ti ẹgbẹ́ Pittsburgh Steelers máa ń tì àwọn tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù kiri pápá títí wọn yóò fi gbàgbé ibi tí wọ́n ń lọ. NFL wá sọ pé lẹ́yìn yáàdì 5, kò gbọ́dọ̀ fara kàn wọ́n mọ́. Láyé ìgbà náà, Jack Lambert, tí òun àti Blount jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, kí wọ́n kúkú wọ aṣọ obìnrin fún àwọn quarterback. Ẹ rí i pé kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń sọ pé eré náà ti rọ̀. Eré tí àwọn kan ń dárò rẹ̀ lónìí, tí wọ́n ní òun ni ojúlówó, Lambert ti pè é ní eré obìnrin.

Ní ọdún 1978 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, New England Patriots lọ bá Oakland Raiders gbá. Ìdíje kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdíwọ̀n lásán ni, èsì rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Darryl Stingley, ọmọ ọdún 26, fò sókè láti mú bọ́ọ̀lù kan tó ti kọjá ọwọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, tó tẹ̀ síwájú, tí kò sì lè ṣọ́ ara rẹ̀, Jack Tatum pàdé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ọrùn Stingley ṣẹ́. Ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 2007. Ní ọjọ́ náà, rẹfirí kò ju aṣọ kankan sílẹ̀, nítorí Tatum kò rú òfin kankan. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Tatum gbé ìwé kan jáde, ó sì fi àpèlé rẹ̀, apànìyàn, sínú àkọlé rẹ̀. John Madden tó jẹ́ kóòṣì Tatum ló máa ń lọ bẹ Stingley wò ní ilé ìwòsàn.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá sọ pé kí a dá eré náà padà sí ti àtijọ́ dáhùn lórí Stingley kó tó tẹ̀síwájú.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni àwọn tó ń kùn ń pa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n wó Aaron Rodgers lulẹ̀, eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́. Ní ọdún 2018, NFL tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá wó quarterback kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ sùn lé e. Báwo ni ẹni tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì àti ààbọ̀, tó ń sáré bọ̀, yóò ṣe ṣubú láìṣubú? William Hayes ti Miami gbìyànjú rẹ̀. Bó ṣe ń wó Derek Carr, ó yí ara rẹ̀ padà kó má baà bọ́ lé e, orúnkún òun fúnra rẹ̀ sì já. Bí sáà náà ṣe parí fún un nìyẹn. Òfin gba quarterback là, ó sì gbé ìyà náà fún ẹlòmíràn tí owó oṣù rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n fìyà jẹ Grady Jarrett nítorí pé ó wó Tom Brady lulẹ̀ lọ́nà tí ó jẹ́ pé, bí mo ṣe wo fídíò rẹ̀ tó, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ti quarterback, àwọn tó ń kùn jàre díẹ̀.

Ṣùgbọ́n quarterback nìkan kọ́ ló wà lórí pápá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbá eré yìí ní ilé ìwé rẹ̀ ní Texas. Òun náà wà lára àwọn tó sọ fún mi lórí fóònù pé eré ti rọ̀ jù. Mo bi í pé ipò wo ni ó ń gbá. Ó ní ìlà iwájú ni, pé òun ni òun ń dí ọ̀nà fún quarterback àwọn. Mo tún bi í pé nígbà wo ni wọ́n ti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ó kọlu òun rí. Ó ronú títí, ó ní kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ipò tó jọ tirẹ̀ ni Mike Webster gbá fún Pittsburgh Steelers, láàárín ìlà iwájú gan-an. Sáà 17 ló lò nínú NFL, ó sì gba Super Bowl mẹ́rin. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ọpọlọ rẹ̀ dàrú; nígbà mìíràn, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ń sùn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ó kú ní ẹni ọdún 50. Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní Pittsburgh jẹ́ ọmọ Nàìjíríà: Bennet Omalu, ọmọ Igbo, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nàìjíríà. Kò mọ nǹkan púpọ̀ nípa eré náà, mo sì rò pé èyí wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó gé ọpọlọ náà wẹ́wẹ́ tó sì wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, ó rí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní tau tó ti dì sínú rẹ̀. Àrùn náà ni wọ́n ń pè ní CTE. Ní ọdún 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí. Àwọn dókítà ìgbìmọ̀ NFL kọ̀wé pé kí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà padà. (Alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ, dókítà oríkèé ara ni.) Ó di ọdún 2016 kí aṣojú NFL kan tó gbà ní gbangba, níwájú àwọn aṣòfin, pé eré náà àti àrùn náà tan mọ́ ara wọn.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí nínú ọ̀rọ̀ Webster ni pé kì í ṣe Jack Tatum kan ló pa á. Kò sí ìkọlù kan tí a lè nawọ́ sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkọlù kéékèèké ni, orí sí orí, lójoojúmọ́, ní ìdárayá àti ní ìdíje. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Boston sọ ní ọdún 2017 pé nínú ọpọlọ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL 111 tí àwọn yẹ̀ wò, 110 ló ní CTE. A kò lè fi èyí sọ pé gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló ní in, nítorí àwọn ẹbí tó ti rí àmì àìsàn ló sábà máa ń fi ọpọlọ òkú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n 110 kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbójú fò.

Nítorí náà, ní èrò tèmi, eré náà kò rọ̀ jù. Ibi tí kámẹ́rà ń wò ni ó ti rọ̀. Àtúnṣe tó kan irú ìyà Webster jùlọ, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀: ní ọdún 2011, àdéhùn láàárín NFL àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ pé ìdárayá tí wọ́n ti ń di ìhámọ́ra tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ láàárín sáà. Ẹnikẹ́ni kò kígbe, nítorí ẹnikẹ́ni kò sanwó láti wo ìdárayá. Ní ọdún 2022, wọ́n ní kí àwọn ará ìlà iwájú máa fi ìbòrí tìmùtìmù kan bo akoto wọn ní ibùdó ìdárayá. Igbe tó tẹ̀lé ìyẹn ni pé kò wuyì, pé orí wọn dà bí olú.

Ní ọjọ́ ìdíje, ẹni tó wà ní àárín ìlà ṣì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí Webster ti ń ṣe. Yóò na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò gbé orí sókè, orí náà yóò sì pàdé orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó lè ṣe é ní ìgbà 60 kí eré tó parí. Aṣọ ìyeyè wà nínú àpò rẹfirí ní gbogbo ìgbà náà.