Ọwọ́ Ọ̀tún, Ọwọ́ Òsì: Báwo Ló Ṣe Yẹ Kí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Le Tó?

Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa ní Igbó-Ọrà. N kì í gbá bọ́ọ̀lù fúnra mi. Ìwé ńlá kan ni olùkọ́ eré ìdárayá wa fún mi, ó sì ní kí n máa kọ orúkọ ẹni tó bá dé pápá lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sínú rẹ̀. Òfin náà kò lọ́jú pọ̀ rárá: ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kò ní gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bá tẹ̀lé e. Ní sáà tó kọjá, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a bá ilé ẹ̀kọ́ kan láti Èrúwà gbá àṣekágbá, mo kọ orúkọ ẹnì kan ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Orúkọ Táyé ni. Ìbejì mi ni.

Ìlú ìbejì ni ìlú wa, nítorí náà kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé agbábọ́ọ̀lù tó mọ góólù jẹ jù lọ nínú ikọ̀ wa ní ìkejì. Òun ló kọ́kọ́ dé ayé, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, èmi Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Mo mọ ìdí tó fi pẹ́. Ó gbé ẹ̀gẹ́ ìyá wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń rin ín fún gàrí, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ mi kò ní àyè tí a ń kọ ìdí sí. Mo kọ orúkọ rẹ̀, olùkọ́ wa yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì na wá ní àmì ayò méjì sí òdo. Láti ọjọ́ náà, Táyé kò dé pápá mọ́, kò sì sí ẹni tó pè é pé kó padà wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ni pé: báwo ló ṣe yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá le tó sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀? Bàbá wa fẹ́ràn bọ́ọ̀lù púpọ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọn kò dá mi lóhùn tààrà. Wọ́n ní kí n lọ wo ìtàn ọkùnrin kan, Stephen Keshi. Mo wò ó, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1985, Keshi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1984, ó wà nínú ikọ̀ tí Adégbóyè Onígbìǹdé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, kó lọ sí Abidjan, níbi tí Kámẹ́rúùnù ti borí wa nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi òfin de òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé wọn kò tètè dé kámpù. Ẹ̀ṣẹ̀ Táyé gan-an nìyẹn! Keshi kò jókòó sílé máa sunkún. Ó kọjá sí Côte d'Ivoire, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Stade d'Abidjan, lẹ́yìn náà fún Africa Sports. Láti ibẹ̀ ló ti dé Bẹ́ljíọ̀mù, ó kọ́kọ́ wà ní Lokeren kó tó lọ sí Anderlecht. Ọ̀nà tó là yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dé ilẹ̀ Yúróòpù.

Àwọn kan lè ka ìtàn yìí kí wọ́n ní ìyà náà ló sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá tì ọ́ síta tí o sì rí ilé mìíràn wọ̀, kì í ṣe ẹni tó tì ọ́ ló kọ́lé náà fún ọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń lé kúrò lórí pápá ló ní Abidjan tí wọn yóò sá lọ? Ohun tó dá mi lójú ni pé ilẹ̀kùn kò tì pa mọ́ Keshi. Wọ́n pè é padà, ó sì di balógun ikọ̀ Super Eagles.

Ní ọdún 1989 ni Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, gba ikọ̀ náà. Ọkùnrin tí kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, ọjọ́ orí ti ń dé sí Keshi, Westerhof kò sì fi bẹ́ẹ̀ lò ó lórí pápá mọ́. Síbẹ̀, kò gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà na Sáńbíà ní àmì ayò méjì sí ẹyọ kan ní Túnísíà ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún náà, tí Emmanuel Amuneke jẹ góólù méjèèjì, Keshi ló gba ife. Bákan náà ni ní Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ló gbá, ìyẹn pẹ̀lú ilẹ̀ Gíríìsì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè mú ọ jókòó láì tẹ́ ọ lójú ẹgbẹ́.

Nígbà tí Keshi náà wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ṣé ó rántí? Kì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò fún Tógò: ó mú wọn yege fún Ife Àgbáyé ọdún 2006, ìgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìtàn wọn. Emmanuel Adebayor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló jẹ góólù mọ́kànlá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2006, nígbà tí wọ́n dé Íjíbítì fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ìjà dé láàárín akọ́nimọ̀ọ́gbá àti ọmọ. Keshi kò fi Adebayor sí ara àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo. Tógò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lé Keshi, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ sí Jámánì. Ẹni tó gbin àgbàdo kọ́ ló jẹ ẹ́. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá bá ọmọ jà ní gbangba, àwọn méjèèjì ló máa ń pàdánù.

Mo kéré púpọ̀ ní ọdún 2013. Lẹ́nu bàbá wa àti nínú fídíò ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Keshi ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà náà. Ó fi àwọn gbajúmọ̀ kan sílẹ̀ nílé, Peter Odemwingie àti Taye Taiwo wà lára wọn, ó sì mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà láti inú líìgì abẹ́lé. Inú Odemwingie kò dùn, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé lórí Twitter. Joseph Yobo tó jẹ́ balógun pàápàá, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń wo ọ̀pọ̀ nínú ìdíje náà, nítorí Keshi gbà pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń ṣe dáadáa. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé orúkọ òun ló gbé òun wọlé.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Sunday Mba, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ líìgì abẹ́lé náà, jẹ góólù kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso. Ohun tí mo fẹ́ràn jù wáyé nígbà tí eré náà ku díẹ̀ kó parí. Keshi sọ fún Yobo pé kó wọlé. Yobo wà lórí pápá nígbà tí rẹfirí fọn fèrè, òun ló sì gba ife. Ohun tí Westerhof ṣe fún Keshi ní 1994 ni Keshi náà ṣe fún Yobo. Ti Odemwingie ńkọ́? Ní ọdún 2014, Keshi pè é padà, ó sì mú un lọ sí Ife Àgbáyé ní Bùràsíìlì. Góólù tí Odemwingie jẹ sí Bosnia ló fún wa ní ìṣẹ́gun kan ṣoṣo tí a ní níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tó gbé wa dé ìpele tó tẹ̀lé e.

Àmọ́ ìtàn kan wà tí kò parí bẹ́ẹ̀. Sunday Oliseh ni balógun Super Eagles ní ọdún 2002 nígbà tí a ṣe ipò kẹta ní Mali. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Amodu Shuaibu àti àwọn igbákejì rẹ̀, Keshi sì wà lára wọn. Wọ́n gbé ikọ̀ náà fún Onígbìǹdé. Oliseh kò bá wọn lọ sí Ife Àgbáyé ọdún náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìwà ló fà á. Nínú ìdíje yẹn kan náà, Onígbìǹdé gbé aṣọ́lé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan kalẹ̀ láti kojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan wọlé. Orúkọ rẹ̀ ni Vincent Enyeama.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, Oliseh di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó bá Enyeama ní ipò balógun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, nínú kámpù ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó gbé ipò náà fún Ahmed Musa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Enyeama pàdánù ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kọlu ara wọn níwájú àwọn yòókù, Enyeama sì kéde láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé òun kò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà mọ́. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ló ti gbá fún wa. Oliseh fúnra rẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹ̀tọ́ láti yan balógun tó bá wù ú, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ rí ní 2002 ló yẹ kó mọ bó ṣe máa ń dun ènìyàn tó.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ọwọ́ ọ̀tún kò ṣọ̀wọ́n. Westerhof le, Keshi le, Onígbìǹdé le, Oliseh le. Kò sí èyí tó gbọ̀jẹ̀gẹ́ nínú wọn. Ọwọ́ òsì ló ya àwọn tó mú èso wálé sọ́tọ̀. Nítorí náà, èrò mi ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá lè le bó bá ṣe fẹ́, bí ohun mẹ́ta bá wà: kí òfin náà ti di mímọ̀ ṣáájú, kí ó mú àgbà bó ṣe mú ọmọdé, kí ọ̀nà àbọ̀ sì wà fún ẹni tó ṣẹ̀.

Mo sọ èyí fún olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní bí a bá ń béèrè ìdí, gbogbo ọmọ ni yóò wá ìdí wá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. N kò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí Táyé gbá àṣekágbá náà. Òfin ni òfin, ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bíbéèrè ìdí kì í ṣe dídárí ìyà jì. Táyé kò sọ ti ẹ̀gẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì í. Èmi tí mo mọ̀, n kò sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rù pé wọn yóò ní mo ń gbè sẹ́yìn ìbejì mi. Bí ẹ̀bi bá wà, ti olùkọ́ wa nìkan kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi rúlà fa ìlà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ nínú ìwé náà, mo kọ "Ìdí" sí orí rẹ̀, mo sì gbé e lọ fún olùkọ́ eré ìdárayá wa. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n kàn béèrè pé, "Táyé ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nílé, sà."

Mo sọ ọ́ fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò fèsì fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá aago mẹ́rin náà ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀.