Ìpamọ́ Oúnjẹ àti Ẹ̀kọ́ Ogun Ìjàyè

Àwọn àgbà a máa wí pé bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ ìkórè rẹ̀ tán ní àsìkò ọ̀pọ̀ yóò fi ebi pàdé òjò, nígbà tí iṣu àná ti tán, tí iṣu titun kò sì tíì ta.

Nítorí náà, bí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, iṣẹ́ ìpamọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa a bẹ iṣu, wọn a bọ̀ ọ́ nínú omi tí ó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, wọn a fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀, wọn a sì sá a sí oòrùn títí yóò fi le. Èyí ni gbodo. Bí a bá gún un tí a sì kù ú, ó di èlùbọ́. Wọn a rẹ́ ilá, wọn a sá a di orúnlá. Wọn a so àgbàdo mọ́ àjà lókè ààrò, kí èéfín lè lé kòkòrò. Ohun tí omi bá ti kúrò lára rẹ̀, ó ṣòro fún un láti bu tàbí láti rà.

Àwọn Potogí ni ó mú ẹ̀gẹ́ ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù wá sí etí òkun wa. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl padà bọ̀ wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n gaàrí kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé àjà nìkan tó. Ní 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kọ̀ láti gba Àdélù ní ọba, nítorí àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ní 1860 Ìbàdàn gbógun ti Ìjàyè. Ìlú àgbẹ̀ ni Ìjàyè í ṣe, ṣùgbọ́n ogun gé e kúrò lára oko rẹ̀. Ìyàn mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òbí fi ń yọ̀ǹda ọmọ wọn nítorí oúnjẹ. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta 1862, ìlú náà tú.

Kí ni a rí kọ́? Àká a máa mú ni la àárín ìkórè méjì kọjá. Kò lè rọ́pò oko, kò sì lè rọ́pò àlàáfíà. Ilé tí ó pamọ́ ra àkókò fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó sì ní àkókò kò ní sáré ta ọmọ tàbí ilẹ̀ nítorí oúnjẹ òòjọ́. Kò sí ilé tí ó dá tó ara rẹ̀ pátápátá: iyọ̀ pàápàá, ọjà ni a ti ń rà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní gbodo ṣíṣe àti ilá sísá, kí a sì fi kún un pé aládùúgbò tí a bá wà ní ìrẹ́pọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà oko fún wa. Ebi kì í wọnú, kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.