Ìtọ́jú Ọgbà Ìgbafẹ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yọ̀ǹda Ara Yín

Ọgbà Agodi wà lára àwọn ọgbà ìgbafẹ́ tí ó lórúkọ jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó wà ní ìlú Ìbàdàn, kò jìnnà sí Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó éékà 150. Ọdún 1967 ni a dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Àwọn ará ìlú ń lọ síbẹ̀ láti sinmi lábẹ́ igi, láti wo adágún omi, àti láti mú àwọn ọmọ wọn lọ ṣeré. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ yìí ṣe lè yọ̀ǹda ara yín fún ìtọ́jú ọgbà náà àti àwọn ọgbà kéékèèké tí ó wà ní àdúgbò yín.

Ohun tí omíyalé fi kọ́ wa

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, òjò ńlá mú kí odò Ògùnpa kún àkúnya. Omi náà mú ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, ó sì ba ilé àti dúkìá jẹ́ káàkiri ìlú Ìbàdàn. Ó ya wọ ọgbà Agodi, ó sì gbé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹranko ibẹ̀ lọ. Ọdún 2012 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí ó sọ ọgbà náà dọ̀tun, ọdún 2014 ni a sì ṣí i padà. Ọmọ tí a bí lọ́dún omíyalé ti di ẹni ọdún 34 kí àtúnṣe náà tó parí.

Ìdọ̀tí tí a dà sínú odò àti ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi wà lára ohun tí ó mú kí ìjàǹbá náà le tó bẹ́ẹ̀. Òde ògiri ọgbà ni ohun tí ó ba ọgbà jẹ́ ti wá. Nítorí náà, gọ́tà iwájú ilé yín wà lára ọgbà tí a ń sọ: ọ̀rá omi tí a jù sínú rẹ̀ yóò bá àgbàrá dé odò. Ẹni tí ó bá ń gbá gọ́tà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àáró ni ó yẹ ọgbà

Iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara-ẹni kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀, tí ẹnìkan máa ń bẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́, tí yóò sì fi oúnjẹ tọ́jú àwọn tí ó wá. Wọ́n tún ní àáró: àwọn ẹlẹgbẹ́ á pé jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnìkan lónìí, wọ́n á kọjá sí oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọgbà tí a bá fi ọ̀wẹ̀ nìkan tọ́jú, ìwọ̀nba ọjọ́ ni yóò fi mọ́. A rọ̀ yín kí ẹ fi ti àáró ṣe é: kí àdúgbò kan tọ́jú rẹ̀ lóṣù yìí, kí òmíràn gbà á lóṣù tí ń bọ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹgbẹ́ onílé, ilé ẹ̀kọ́, ìjọ, mọ́ṣáláṣí tàbí agbo ilé lábẹ́ Mọ́gàjí wọn lè gba iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí àwọn alábòójútó ọgbà náà. Bí ó bá jẹ́ ọgbà kékeré ní àdúgbò, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wá, iye ènìyàn, àti irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má ṣe gé igi tàbí gbẹ́ ilẹ̀ láìgba àṣẹ, nítorí páìpù omi tàbí wáyà iná lè wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ mú ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà, ìgbálẹ̀, ṣọ́bìrì àti bárò wá. Àwọn ọmọdé lè gbálẹ̀, wọ́n sì lè bomi rin òdòdó; kí wọ́n má ṣe wọ gọ́tà tàbí sún mọ́ adágún omi.

Kíkó ìdọ̀tí

Ẹ ya ọ̀rá, ike àti agolo sọ́tọ̀ kúrò lára ewé. Ẹ̀fọn máa ń pamọ sí ike àti agolo tí omi dúró sí. Ewé gbígbẹ lè jẹrà di ajílẹ̀. Ẹ má ṣe dáná sun ún. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán tú òkìtì ewé, nítorí ejò àti àfọ́kù ìgò. Ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó láti inú gọ́tà, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní etí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ yóò dá a padà.

Igi gbíngbín

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òjò, láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ni ó dára jù, kí gbòǹgbò lè fìdí múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba léèrè irú igi tí ó yẹ ibẹ̀; odán, bí àpẹẹrẹ, kò yẹ nítòsí ògiri tàbí gọ́tà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ràn jìnnà. Ẹ yọ ọ̀rá kúrò lára ọmọ igi kí ẹ tó gbìn ín, ẹ má sì ṣe kó erùpẹ̀ bo ara igi mọ́lẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ọ̀pọ̀ ọmọ igi máa ń kú, nígbà tí àwọn tí ó gbìn wọ́n ti gbàgbé wọn. Ẹ pín igi kọ̀ọ̀kan fún ìdílé kan tàbí kíláàsì kan tí yóò máa bomi rin ín.

Ojúṣe ìjọba

Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò gba ojúṣe ìjọba. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbígbẹ́ ojú odò, títún afárá ṣe àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà, ọrùn ìjọba ni wọ́n wà. Bí ẹ bá parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹ rí tí ó bàjẹ́ sílẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀rọ omi, iná tàbí ìjókòó, kí ẹ fún àwọn alábòójútó, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ bá padà wá lóṣù tí ó kàn yín, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè.