Ta Ló San Owó Rẹ̀? Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ìròyìn láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú

Tí èsì JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan náà ni àwọn àbúrò máa ń bi wá: ṣé Mass Comm lè bọ́ èèyàn lóde òní? Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ ìbéèrè yìí dáadáa, wọ́n ti fi tiwa náà bi wá rí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtàn agbègbè wa.

Ní 1926 ni wọ́n bí Michael Agbólàdé Ọ̀tẹ́dọlá ní Odoragunsin, lágbègbè Ẹ̀pẹ́. Nígbà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà. Sìkọ́láṣíìpù ló gbé e dé Regent Street Polytechnic ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba dìpílómà níbẹ̀ ní 1958.

Ẹ kíyè sí àkókò yẹn. Ní October 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn. Ìjọba ń wá òṣìṣẹ́ ìròyìn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń wá alukoro. Ọ̀tẹ́dọlá ṣiṣẹ́ ìròyìn fún ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì ṣe iṣẹ́ alukoro fún ilé-iṣẹ́ epo Mobil fún ọdún púpọ̀. Ní January 1992, ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni tó bá sáré ka ìtàn yìí lè sọ pé dìpílómà ló gbé e débẹ̀. Lójú tiwa, ohun méjì ló gbe dìpílómà náà lẹ́yìn: owó rẹ̀ kò ti àpò òbí jáde, àga sì ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò jókòó lé e. Ọ̀tẹ́dọlá fúnra rẹ̀ dá ètò sìkọ́láṣíìpù sílẹ̀ nígbà tó yá, fún àwọn ọmọ Èkó tí kò lówó.

Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nsukka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní 1961, UNILAG tẹ̀ lé e ní 1966. Ní 1983, Lateef Jákàńdè dá LASU sílẹ̀. Inú yàrá ìròyìn Daily Service àti Tribune ni Jákàńdè fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́, kì í ṣe ní yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń pọ̀ lọ́dọọdún, àmọ́ àga kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Owó náà kò dúró sójú kan. Ní 2011, owó ilé-ìwé LASU fò láti 25,000 náírà sí iye tó wà láàárín 193,750 àti 348,750 náírà. Ó kan àwọn tó wà ní Ọ̀jọ́, ó kan àwọn tó wà ní ọgbà Ẹ̀pẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn títí, ìjọba Fáṣọlá sì dá a padà sí 25,000 ní 2014. Owó ẹ̀kọ́ kì í ṣe àyànmọ́, ìpinnu èèyàn ni.

Ní Ìkòròdú, àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ Ikorodu Bois kò dúró de dìgírì kankan. Fóònù, ìkòkò àti bárò ni wọ́n fi ń sín fíìmù ńláńlá jẹ. Ní 2020, wọ́n sín Extraction ti Netflix jẹ, àwọn tó ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì. Netflix tún fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ṣé ilé-ìwé kò wá wúlò mọ́ ni? Rárá o. Àwọn mélòó ló ń ṣe irú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí? Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ olùkọ́ sì ṣì ń béèrè ìwé-ẹ̀rí.

Nítorí náà, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti ọdún agùnbánirọ̀ kan wà ńbẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ dé Ọ̀jọ́ wà ńbẹ̀, tàbí owó ilé bí ẹ kò bá lè máa lọ máa bọ̀. Láti 2024, NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ilé-ìwé láìgba èlé. Ó dára, àmọ́ gbèsè ni, kì í ṣe sìkọ́láṣíìpù bíi ti Ọ̀tẹ́dọlá.

Ìdáhùn wa rèé: ẹ lọ kà á bí owó rẹ̀ kò bá ní í ta ilé yín, tí ẹ sì ti ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ náà láti ọdún kìíní. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ìdílé lẹ fẹ́ tà kí ẹ tó lè kà á, ẹ ní sùúrù ná, kí ẹ wá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ má sì fojú kéré èdè. Yorùbá ni Radio Lagos ń sọ, BBC sì ti ní ẹ̀ka Yorùbá láti February 2018. Ẹni tó mọ kámẹ́rà pọ̀, ẹni tó mọ kámẹ́rà tó tún lè kọ Yorùbá tó já gaara kò pọ̀. Ẹ wá bá wa ní kíláàsì àmì ohùn, kí àwa náà wá kọ́ kámẹ́rà lọ́dọ̀ yín.