Àṣìṣe àfihàn ìbàjẹ́ nínú eré bàálù ogun

Àṣìṣe àfihàn ìbàjẹ́ jẹ́ àléébù nínú eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ìjà bàálù ogun, níbi tí ohun tí olùṣeré ń rí kò ti bá ohun tí ètò eré náà ṣírò mu. Apá bàálù lè ti já dànù lójú ẹni tó ń wò ó, síbẹ̀ kí bàálù náà máa fò lọ geere. Ó sì lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ń dán láìní ihò kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Àṣìṣe yìí ti hàn nínú ọ̀pọ̀ eré bẹ́ẹ̀, láti IL-2 Sturmovik ti ọdún 2001 títí dé DCS World àti War Thunder. Nínú War Thunder ni MiG-17 àti Il-28 wà, bàálù méjì tí Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà lò nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Bàálù inú eré kọ̀ǹpútà jẹ́ ohun méjì tí wọ́n so pọ̀. Èkíní ni ìṣirò: ètò tó mọ ibi tí táǹkì epo wà, ibi tí okùn ìdarí gbà kọjá, àti bí ọta ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí apá tó ṣẹ́. Èkejì ni àwòrán: ìrísí àti awọ tí ojú ń rí. Nígbà tí ọta bá wọlé, ìṣirò ni ó kọ́kọ́ mọ̀; òun ni yóò ránṣẹ́ sí àwòrán pé kí ó yí padà. Bí iṣẹ́ náà kò bá dé, tàbí tó dé ségesège, àwòrán á máa parọ́.

Nínú IL-2 Sturmovik, tí 1C: Maddox Games ṣe, wọ́n pín bàálù sí ẹ̀yà, wọ́n sì ṣe ìrísí bíi mélòó kan fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, láti D0, tí í ṣe odindi, dé D3, tó ti bàjẹ́ gan-an. Ètò náà a máa mú ìrísí kan kúrò, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà yìí kò gba agbára púpọ̀, ó sì bá kọ̀ǹpútà ìgbà náà mu, ṣùgbọ́n ihò kì í sábà wà níbi tí ọta ti wọlé gan-an. Bí fáìlì ìrísí kan bá sì sọnù, pàápàá nínú bàálù tí àwọn olùfẹ́ eré náà fúnra wọn fi kún un, ẹ̀yà náà á pòórá, òfo ni ojú á rí níbi tí apá yẹ kó wà.

Àwọn eré tó dé lẹ́yìn rẹ̀ a máa lẹ àwòrán ihò mọ́ ibi tí ọta bà. Èyí sàn, àmọ́ ó mú àléébù tirẹ̀ wá. Kọ̀ǹpútà kò lè tọ́jú gbogbo ihò, nítorí náà àwọn tó ti pẹ́ lè pòórá. Nígbà mìíràn, ihò àti awọ bàálù á máa jà fún ojú kan náà, wọn á sì máa ṣẹ́ wìrìwìrì. Ti ọ̀nà jíjìn tún wà. Bí bàálù bá ti jìnnà, ètò a máa fi ìrísí tí kò ní kúlẹ̀kúlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá gbàgbé ìrísí ọ̀nà jíjìn fún bàálù tó ti pàdánù apá, apá náà á tún hù padà lójú ẹni tó wà lókèèrè.

Ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ibi tí awuyewuye pọ̀ sí jù nìyí. Ibi tí bàálù ọ̀tá ti kúrò ni olùṣeré ń rí, kì í ṣe ibi tó wà. Ẹni tó wà ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, tó ń jà lórí sáfà kan ní Yúróòpù, ìsọfúnni rẹ̀ á kọ́kọ́ dé Èkó kó tó gba abẹ́ òkun lọ. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000 títí dé Pọ́túgàl. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn ń rin nǹkan bíi kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ lábẹ́ òkun nìkan ń gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 70, kí a tó ka ìdádúró orí ilẹ̀. Láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdì 100, bàálù tó ń sá kìlómítà 500 ní wákàtí kan á ti rin mítà 14. Spitfire, láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, kò ju nǹkan bíi mítà 11 lọ.

Àwọn tó ń ṣe eré gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò dájọ́. Bí kọ̀ǹpútà ẹni tó yìnbọn bá ni adájọ́, ẹni tí wọ́n yìnbọn fún lè rí i pé apá òun já lẹ́yìn tí òun ti sá àsálà. Bí sáfà bá ni adájọ́, ẹni tó yìnbọn lè rí iná àti èéfín lára ọ̀tá, kí sáfà sì sọ pé ọta kankan kò bà á. Àwọn olùṣeré War Thunder ní orúkọ fún irú ọta bẹ́ẹ̀, tó túmọ̀ sí ọta iwin. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ gidigidi káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà kò sì yọ sílẹ̀.

Ipa rẹ̀ lórí ìjà

Ojú ni olùṣeré fi ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Ẹni tó rí i pé ìrù ọ̀tá ti já á yí padà lọ wá ẹlòmíràn. Bí ìrù náà kò bá já ní ti ìṣirò, ọ̀tá yìí kan náà á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, á sì pa á. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀sùn màgòmágó ti máa ń jáde, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe màgòmágó.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó yani lẹ́nu ni àṣìṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Abraham Wald, onímọ̀ ìṣirò tó ń bá ẹgbẹ́ olùwádìí kan ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Columbia, fi hàn pé ihò ara bàálù tó padà dé ń tọ́ka sí ibi tí ọta lè bà láìjá bàálù lulẹ̀. Àwọn tí ọta bà ní ibi tó léwu kò padà wálé. Bàálù tó kún fún ihò, tó sì ń fò lọ, lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé.

Àtúnṣe

IL-2 Sturmovik: Cliffs of Dover jáde ní ọdún 2011 pẹ̀lú àléébù púpọ̀. Àwọn olùfẹ́ eré náà, tí wọ́n ń jẹ́ Team Fusion, ni wọ́n ń tún un ṣe, títí tí àtúnṣe wọn fi jáde lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ ní ọdún 2017. DCS World náà gba ètò ìbàjẹ́ tuntun fún bàálù Ogun Àgbáyé Kejì ní ọdún 2020.

Ohun tó máa ń ṣòro jù ni ẹ̀rí. Àwòrán tí olùṣeré kan yà kò fi ohun tí ẹnì kejì rí hàn, nítorí náà àkọsílẹ̀ ìjà kan náà láti ojú méjèèjì ló wúlò jù. Àkọsílẹ̀ tí DCS World ń pamọ́ kì í ṣe fídíò: ohun tí olùṣeré fi ọwọ́ ṣe ni ó ń kọ sílẹ̀, tí yóò sì tún gbogbo ìjà náà ṣírò nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Bí ìjà bá gùn, àkọsílẹ̀ náà lè yà kúrò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí bàálù tó já lulẹ̀ lánàá sì balẹ̀ ní àlàáfíà lónìí.