Ìtàn Ẹyin Oníṣùpọ̀ Pòtétò, Láti Sípéènì dé Jakpa

Ẹyin díndín tí a po mọ́ pòtétò, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní tortilla, kì í ṣe oúnjẹ ọlọ́rọ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1817, ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Navarra, ó ń ṣàlàyé ìyà tí ń jẹ àwọn àgbẹ̀. Ó ní ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ni ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ń pín jẹ, nítorí pé àwọn ìyàwó wọn mọ bí a ti ń fi pòtétò tàbí èérún búrẹ́dì mú un tóbi. Nítorí náà, ìtàn tí ó ní Ọ̀gágun Zumalacárregui ni ó dá a sílẹ̀ nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1833 kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí oúnjẹ yìí tó ní orúkọ ni Warri ti mọ ọ̀nà ìhà ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1600, Olú Sebastian rán ọmọ rẹ̀, Domingos, lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Potogí. Ìyàwó òyìnbó ni ó mú bọ̀. Ọba kan náà ni ó ń jẹ lórí Sípéènì àti Potogí láti 1580 sí 1640. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ bá ọkọ̀ òkun dé etí òkun wa láti Amẹ́ríkà. Pòtétò kò fẹ́ràn ooru. Ìgbà tí àwọn òyìnbó awakùsà tánganran dé òkè Jos ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ó tó rí ilẹ̀ tútù fìdí múlẹ̀ sí. Ọkọ̀ ẹrù ni ó ń gbé e wá sí ọjà Warri.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dín in nílé ní òpópónà Jakpa yóò wá pòtétò alábọ́ọ́dé mẹ́rin, ẹyin mẹ́fà, àlùbọ́sà kan, iyọ̀ àti òróró. Yóò gé pòtétò àti àlùbọ́sà ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín, yóò sì sè wọ́n nínú òróró púpọ̀ lórí iná tí kò le, kí wọ́n rọ̀ láìpọ́n. (Àwọn ará Sípéènì ṣì ń jiyàn lórí àlùbọ́sà yìí.) Yóò ro òróró kúrò, yóò dà wọ́n sínú ẹyin pípò, yóò jẹ́ kí wọ́n mu ara wọn díẹ̀, kó tó dà á padà sínú páànù. Ibi yíyí i padà ni ẹ̀rù wà: a ó fi àwo pẹrẹsẹ dé páànù, a ó dojú méjèèjì kodò lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì ti oúnjẹ náà padà sórí iná.

Bí pòtétò bá wọ́n, iṣu tí a kọ́kọ́ bọ̀ yóò ṣe é. Àwọn obìnrin Navarra náà kò kọ èérún búrẹ́dì.